Ẹni Tó Wọ Ẹ̀wù Wahono

Hong Kong,
Ogúnjọ́ oṣù Kínní, 2013

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláàmù àlékùn. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ abúlé, ẹ kú àmójútó gbogbo wa. Ṣé àlàáfíà ni Màámi wà? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Ṣé kànáfùrù ti gbẹ, àbí òjò ò jẹ́ kí ẹ rí i sá? Èmi wà dáadáa. Popo, ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú níbí, ní kí n kí yín. Kò mọ̀ yín o, ṣùgbọ́n bó bá ti rí ìwé lọ́wọ́ mi ló máa ń ní kí n bá òun kí ẹni tí mò ń kọ ọ́ sí.

Ẹ má bínú pé mi ò fi fóònù pè. Ibi ilé ọdẹ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń gun òkè wa, gbogbo abúlé ló sì máa ń ta etí sí ẹni tó bá dúró síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti gbogbo abúlé.

Ọ̀rọ̀ Wahono ni. Tumini, ọmọ abúlé wa tó ń ṣiṣẹ́ níbí, sọ fún mi ní Sọ́ńdè tó kọjá pé ìjọba ti ní kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú àbà, igi tí a fi ń de ẹsẹ̀ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, mọ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò tíì jẹun dáadáa láti ìgbà tí mo ti gbọ́. Ọdún kẹrin rèé tí ẹ ti kan igi mọ́ àbúrò mi lẹ́sẹ̀ nínú ahéré ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mi ò dá yín lẹ́bi. Nígbà tí orí rẹ̀ dàrú, ó tiná bọ àká Mbah Kromo, bàbá àgbà ìtòsí wa, àwọn ewúrẹ́ inú rẹ̀ ò sì jáde. Ẹ̀rù ba gbogbo wa pé ọmọ ẹlòmíràn ló máa kàn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ti pọ̀ jù, Bàbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àǹfààní yìí fò wá ru. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní oògùn. Lọ́jọ́ tó bá sì jáde, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n fi ojú mi rí i.

Ọmọ yín,
Wigati


Watulumut,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì, 2013

Wigati, Nduk, ọmọ mi,

Wàálékùn àsàláàmù. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Màmá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ikọ́ ti lọ. Èmi ni mo mọ̀ pé kò lọ síbì kankan, inú ìborùn ló ń hú u sí. Kànáfùrù gbẹ. Bá mi kí Popo, sọ fún un pé ọkùnrin arẹwà kan lórí òkè ń kí i.

Òótọ́ ni Tumini sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọmọ yẹn kì í sinmi. Wọ́n pe gbogbo àwa Kamituwo, àwa olórí abúlé, sí gbọ̀ngàn àgbègbè. Ọmọkùnrin kan tó fi awò sójú, Pak Hendarto láti ọ́fíìsì ìlera, ló bá wa sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó nípàdé ìjọba títí ìdí mi fi kú, mi ò gbọ́ irú èyí rí. Ó ní tẹ́lẹ̀ ohun táwọn máa ń bi wá ni iye ìpàdé tí a ṣe àti iye ìwé tí a pín fáwọn aráàlú. Ó ní ìyẹn ti tán. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù: Kí lẹ ṣe? Ṣé ẹ ṣe é dáadáa? Ta ni ara rẹ̀ wá yá? Ó ní ìkẹta yìí ni olórí wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá, kí a mú un jáde kí àwọn fojú rí i. Bí kò bá sí, olórí abúlé ni yóò dìde láàárín èrò láti jíhìn.

Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ó ti tó gẹ́ẹ́ kí ẹnìkan béèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú àbà ní Watulumut, ọmọ Kamituwo sì ni. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ abúlé wa, gbogbo gbọ̀ngàn yíjú wò mí. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, “Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá, ẹ ó bá a lórí ìdúró. Òun gan-an ni yóò gbé tíì fún yín.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi gan-an.

Wọ́n ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀sì wọn, Bu Retnani, yóò máa gun òkè wá lóṣooṣù láti gún un lábẹ́rẹ́ tí í mú orí balẹ̀. Jẹun o. Fọ́tò ń bọ̀.

Bàbá rẹ,
Sarengat, Kamituwo Watulumut


Watulumut,
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2013

Nduk,

Yọ̀ fún wa! Ó ti bọ́. Wọ́n wá, wọ́n rí i, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. A se ìrẹsì aláwọ̀ ìyeyè, a tò ó ní ṣóńṣó bó ṣe yẹ, Mbah Kromo fúnra rẹ̀ ló ṣe àdúrà. Wahono gbé tíì fún Pak Hendarto, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Wọ́n bi í pé báwo ni ara, ó ní, “Ara ti yá, sà.” Pak Hendarto bọ́ awò rẹ̀, ó nu ojú.

Wọ́n gbé àbà náà sínú mọ́tò lọ, wọ́n ní inú gbọ̀ngàn ni àwọn ó gbé e sí kí aráyé wá wò ó. Pátákó ńlá ti wà lẹ́nu ọ̀nà abúlé báyìí: KÒ SÍ ẸNI TÍ A DÈ NÍ WATULUMUT. Bí mo bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, orí mi máa ń wú.

Fọ́tò rèé. Màmá rẹ ń kí ọ.

Bàbá rẹ,
Sarengat


Hong Kong,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin, 2013

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláàmù àlékùn. Ẹ kú oríire. Mo ti fẹnu ko fọ́tò yẹn kí n tó wò ó, mo ti sunkún, mo ti fi han Popo. Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó, mo wò ó dáadáa.

Ẹ dákun, fọ́tò wo lẹ fi ránṣẹ́ sí mi? Ẹni tó dúró sáàárín ẹ̀yin àti Màámi, tó wọ ẹ̀wù bàtíìkì tí mo rà fún Wahono, Parjan ni. Parjan ọmọ àbúrò Màámi, ọmọ òrukàn tó ń bá yín tọ́jú màlúù. Ẹ fa fìlà bò ó níwájú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mò ń wẹ ẹsẹ̀ Popo. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó ti jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, ojúgun rẹ̀ ti gbẹ bí igi ìdáná. Ẹsẹ̀ ọkùnrin inú fọ́tò yìí ki pọ́pọ́. Ẹsẹ̀ wo ló máa wà nínú àbà fún ọdún mẹ́rin tó máa ki báyẹn?

Bóyá ẹ ṣi fọ́tò mú ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò burú, ẹ fi ti Wahono ránṣẹ́. Ojú àbúrò mi ni mo fẹ́ rí.

Ọmọ yín,
Wigati


Watulumut,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún, 2013

Wigati,

Mo ka lẹ́tà rẹ sí màmá rẹ létí, kò jẹun alẹ́. Ṣé ohun tí o ń wá nìyẹn? Ọdún mẹ́fà lo ti kúrò nílé. O ti gbàgbé ojú àbúrò rẹ, o wá ń fi ẹsẹ̀ ìyá oníyàá díwọ̀n tiwa. Wahono ni ẹni tó wà nínú fọ́tò. Gbogbo abúlé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, “Wahono, ibo nìyẹn?” á sì dá wọn lóhùn.

Parjan ti lọ sí Kalimantan, ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Má bi wá léèrè rẹ̀ mọ́.

Bu Retnani tún ti wá gún un lábẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Pak Hendarto ní àwọn ará àgbègbè mìíràn ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ṣe é, kí wọ́n lè ṣe bíi tiwa. Orúkọ abúlé wa ti dé ibi tí bàbá mi ò dé. O ò sì lè sọ pé ẹ kú iṣẹ́.

Màmá rẹ ní kí n bá òun kọ eléyìí: “Nduk, Wahono ń jẹun. Àwo méjì ni mò ń gbé fún un, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan lẹ́yìn.” Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Àgbà ti ń dé sí i.

Bàbá rẹ,
Sarengat


Hong Kong,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, 2013

Bàbá mi,

Àsàláàmù àlékùn. Mo kúnlẹ̀, ẹ má bínú sí mi. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ǹjẹ́ mo ti sọ ọ́?

Mo lẹ fọ́tò náà mọ́ ògiri lókè ibi tí mò ń sùn. Mo ní bóyá ẹ̀yin lẹ jàre, bóyá èmi ni mo gbàgbé. Mo ń wò ó tí mo bá jí, mo ń wò ó tí mo bá fẹ́ sùn. Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Lánàá, nígbà tí mo fẹ́ rántí ojú Wahono nígbà tó wà ní kékeré, tó máa ń tẹ̀ lé mi lọ sí odò, ojú Parjan ló yọ sí mi. Mo wá ojú àbúrò mi títí nínú orí mi, mi ò rí i. Ṣe ni mo já fọ́tò náà kúrò lára ògiri.

Àwo ẹ̀yìn wo ni Màámi ń sọ? Ẹ̀yìn ibo? Ta ló wà níbẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn èyí nìkan, mi ò tún ní bèèrè nǹkan mìíràn.

Wigati


Hong Kong,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Keje, 2013

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Ẹ ò fèsì.

Tumini ti padà láti ìsinmi tó wá lò nílé. Mo ní kó sọ gbogbo ohun tó rí fún mi. Ó ní, “Mo rí Wahono lẹ́nu ọ̀nà abúlé, ó kí mi.”

Mo ní, “Wahono wo?”

Ó ní, “Wahono náà ni. Àbí kí lo fẹ́ kí n pè é?”

Mo ní, “Tumini, wò mí lójú. Ìwọ àti Parjan lẹ jọ jókòó ní kíláàsì kan náà.”

Ó wolẹ̀. Ó ní, “Wọn kì í pe orúkọ yẹn lábúlé mọ́, Wigati. Mo ṣèèṣì pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá tó ń wọn ìrẹsì fún mi dáwọ́ dúró. Òun tó ni orúkọ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó wò mí, ó ní Parjan wà ní Kalimantan.”

Ó ní ọrùn ọmọ náà ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ tí kò mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì lè dúró jẹ́ẹ́. Àtàárọ̀ ló ti ń rìn lọ rìn bọ̀ lábẹ́ pátákó yín. Nígbà tí Tumini wá kí Màámi, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Orúkọ mi ni ohùn náà ń pè. Wigati, Wigati, láìdúró. Ó bi Màámi pé ta nìyẹn. Màámi ní adìẹ ni, wọ́n sì tún tíì bù fún un.

Bàbá, kí lẹ ṣe?

Wigati


Watulumut,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹjọ, 2013

Wigati ọmọ mi,

Ní ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ọmọ ló máa ń kúnlẹ̀ níwájú òbí láti tọrọ àforíjì. Lọ́dún yìí èmi bàbá rẹ ni mò ń tọrọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀, a ṣí àbà ní òwúrọ̀. Ṣe ni mo rò pé bí igi bá ti kúrò, èèyàn á dìde. Wahono wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Orúnkún rẹ̀ ò na mọ́. Ó fọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀, ó kọjú sógiri. Mọ́tò ti ń gun òkè bọ̀, gbogbo abúlé ti tò sẹ́nu ọ̀nà, mo sì ti ṣèlérí tíì fún wọn. Parjan ló dúró tì mí. Mo na ẹ̀wù sí i. Mo ní, “Bá mi wọ èyí, gbé tíì fún wọn, ó parí.”

Ó ní, “Pakde, bí wọ́n bá bi mí ní orúkọ ńkọ́?”

Mo ní, “Wahono ni kó o wí.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Nduk. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni. Àwọn ará abúlé rí i, wọ́n sì gbè mí lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹni tó máa dójú ti Kamituwo níwájú àlejò.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ó sì ń bèèrè ẹni inú fọ́tò. Mo wo Parjan, Parjan wò mí, ó na apá fún un. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó wo Wahono ni wọ́n ń gún fún ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kó wá sórí òkè yìí, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni a ní. Wahono wà lẹ́yìn. Kò sí igi lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́, ilẹ̀kùn nìkan la máa ń tì. Òun ni màmá rẹ ń gbé àwo kejì fún.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù lọ nìyí. Tẹ́lẹ̀, Pakde ni Parjan ń pè mí, ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ní báyìí Bapak, ìyẹn bàbá, ló ń pè mí. Mo pè é ní orúkọ rẹ̀ nígbà tó ku àwa méjì, kò bojú wẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ yẹn ti kó sí i lẹ́sẹ̀, kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá bá mi nínú oko, ó ń tẹ ilẹ̀ kìkì lójú kan, ó ní, “Bapak, ẹ bá mi dá ẹsẹ̀ mi dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá mi gba àbà mi padà lọ́wọ́ wọn.”

Àbà mi, ló wí. Mo sá fún un, èmi tí mo tọ́ ọ dàgbà.

Bàbá rẹ


Hong Kong,
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, 2013

Bàbá,

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé mo ti dárí jì yín. Mi ò lè kọ ọ́. Inú ń bí mi gidigidi.

Èèyàn méjì lẹ fi fọ́tò kan jẹ run. Ọ̀kan ò ṣàìsàn, ẹ ń jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ àìsàn. Ọ̀kan ń ṣàìsàn, ẹ ní adìẹ ni. Tí ẹ bá dìde lọ́jọ́ náà, tí ẹ sọ fún wọn pé, “Ẹ̀yin ará, ọmọ mi ò tíì lè dúró,” ṣé wọ́n á pa yín? Ṣebí wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tí ara rẹ̀ yá. Ẹni tí ara rẹ̀ ò tíì yá náà ńkọ́?

Mo ti kọ lẹ́tà sí Bu Retnani fúnra mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Bí oṣù yìí bá parí tí mi ò gbọ́ pé Wahono ti ń gba oògùn, Pak Hendarto ló kàn. Lẹ́tà tirẹ̀ ti wà nínú àpótí mi, mo ti lẹ̀ ẹ́ pa.

Wigati


Watulumut,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, 2013

Nduk,

Bu Retnani wá. Ó jókòó sórí ẹní wa, ó mú lẹ́tà rẹ jáde, ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á dé òpin. Mo rò pé á figbe bọnu. Ṣe ló wí pẹ̀lẹ́ pé, “Bapak, mo ti ń fura tipẹ́. Oògùn yẹn kì í sábà mú aláìsàn tòótọ́ báyẹn. Ẹ̀rù ló bà mí láti béèrè. Wahono yín ni wọ́n fi ń yìn mí ní ọ́fíìsì.”

Kò gún Parjan lábẹ́rẹ́. Ó fún un ní oògùn kan tí yóò rọ ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Òun àti màmá rẹ ló wẹ Wahono, wọ́n gé èékánná rẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti wú.

Ó ní, “Bapak, nínú fáìlì, ara Wahono ti yá. Tí mo bá ní irọ́ ni, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Wọ́n á dá oògùn orí òkè yìí dúró títí ìwádìí á fi parí, wọ́n á sì mú mi kúrò. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n á rán ẹlòmíràn wá.” Ó ní, “Ṣùgbọ́n bí aláìsàn tuntun bá yọjú lábúlé, mo lè mú orúkọ rẹ̀ lọ lọ́la, oògùn á sì dé kíákíá. Kí a sọ pé ẹnìkan lọ sí Kalimantan, orí rẹ̀ dàrú níbẹ̀, wọ́n bá gbé e padà wálé.”

Ó wò mí, mo wò ó. Ó yé mi. Ó fẹ́ kí Wahono di Parjan.

Mo pe Parjan, ìyẹn ẹni tí a ti ń pè ní Wahono, mo sọ fún un pé ó lè gba orúkọ tirẹ̀ padà bó bá fẹ́, kí a jùmọ̀ fara da ohun tó bá dé. Màmá rẹ ń ya irun rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “Parjan wo? Ọmọ òrukàn yẹn? Mi ò mọ̀ ọ́n.” Ó sì gbé orí rẹ̀ padà sí ọwọ́ màmá rẹ.

Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ rẹ. Bí o bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Pak Hendarto, mi ò ní bínú, èmi ni n ó dìde láàárín èrò láti jíhìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ò ní rí oògùn títí wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀ wọn. Sọ ohun tí a ó ṣe.

Bàbá rẹ


Hong Kong,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá, 2013

Bàbá,

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un ní oògùn náà. Ẹ pè é ní ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí ẹ pè é.

Mo ti ya lẹ́tà Pak Hendarto. Bí mo ṣe ń ya á, Popo bi mí pé kí ló dé tí mò ń sunkún. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ àbúrò mi tọrẹ ni. Ó rò pé ìkómọ la ṣe nílé, ó bá mi yọ̀, ó ní kí Ọlọ́run wò ó dàgbà.

Iṣẹ́ mi níbí yóò parí ní oṣù Kẹta. Mò ń bọ̀ wálé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́.

Wigati


Watulumut,
Ọjọ́ kejì oṣù Kejì, 2014

Ẹ̀gbọ́n mi Wigati,

Ẹ kú àtijọ́. Bàbá ló fún mi ní ìwé. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ̀wé kí ọwọ́ mi lè já gaara. Ẹ má wo bó ṣe wọ́.

Orí mi ti ń ṣí. Ariwo inú rẹ̀ ti lọ jìnnà, mo ń gbọ́ òjò bó ṣe jẹ́. Mo ti ń fi ọ̀pá méjì rìn dé etí kànga. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n mò ń rìn. Tẹ́ḿpè, àkàrà ẹ̀wà sóyà tí Màámi ń dín, ti ń dùn lẹ́nu mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo lè rìn jìnnà díẹ̀, ọ̀dọ̀ Mbah Kromo ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo jókòó nílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, “Mbah, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo jó àká yín. Mo ń gbọ́ igbe àwọn ewúrẹ́ yẹn títí dòní.” Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi ọwọ́ pa mí lórí. Ó ní, “Parjan, kì í ṣe ìwọ. Wahono ló ṣe é, mo sì ti dárí jì í tipẹ́. Lọ sinmi, ọmọ mi.” Mo ní èmi ni. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi ṣáá. Mo dìde, mo bá ọ̀nà mi lọ.

Wahono wà nínú ilé. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sùn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọrùn rẹ̀ ti ń tọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ́ tirẹ̀. Nígbà mìíràn a máa ń wo ara wa lórí oúnjẹ, òun á wo ibòmíràn, èmi náà á wo ibòmíràn.

Pak Hendarto tún wá pẹ̀lú àwọn àlejò. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ẹnì kan ni ara rẹ̀ yá ní Watulumut, ó ti di méjì. Wọ́n mú àwa méjèèjì dúró sábẹ́ pátákó, wọ́n ní kí n sọ orúkọ mi fún àwọn èèyàn. Bàbá ń wo ilẹ̀. Mo ní Parjan ni mí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rí i pé inú mi dùn nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù látìgbà náà.

Bàbá ní orúkọ yẹn náà ni kí n fi parí lẹ́tà yìí, nítorí ẹni tó máa gbé e lọ sí ìlú lè ṣí i. Mi ò kọ orúkọ kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá dé ní oṣù Kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, kí ẹ pè mí ní orúkọ mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì máa dáhùn.

Àbúrò yín